Bí a ṣe ń ṣe àkóso feature flag láàárín ikọ̀ púpọ̀, láti àyíká kan dé òmíràn

Feature flag ni ibi kan nínú kóòdù tí sọ́fítíwíà ti ń béèrè bóyá kí apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dúró ná. Ìdáhùn kò sí nínú kóòdù náà fúnra rẹ̀. Inú fáìlì, inú àká dátà tàbí lórí sáfà ọ̀tọ̀ ni ó wà, ìdí nìyẹn tí a fi lè yí i padà láìtún gbé kóòdù tuntun lọ síbì kankan. Ó dà bí súìṣì iná tó wà lára ògiri: wáyà ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó tẹ súìṣì kò sì fọwọ́ kan wáyà. Ohun tí ó ń fún wa ni pé ó ya gbígbé kóòdù dé orí sáfà sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣí iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún oníbàárà. A lè gbé kóòdù lọ ní ọjọ́ Ajé, kí a ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí a sì tì í padà láàárín ìṣẹ́jú kan bí ó bá ń ṣe ségesège.

Níbi tí ikọ̀ kan ṣoṣo wà, tí flag kò sì ju márùn-ún lọ, kò sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó dá flag sílẹ̀ ni ó ń tàn án, òun náà ni ó sì ń yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ń yí padà nígbà tí ikọ̀ bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí àyíká iṣẹ́ náà sì di mẹ́ta ó kéré tán: kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kọ kóòdù, àyíká ìdánwò tí gbogbo ikọ̀ jọ ń lò, àti àyíká gidi tí owó oníbàárà wà. Flag 100 ní àyíká 3 jẹ́ ipò 300, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí bí ó ṣe rí. Títan flag kò le rárá. Mímọ ẹni tí ó ni í, ibi tí ó ti tàn àti ọjọ́ tí yóò kú ni iṣẹ́ gan-an, orí rẹ̀ sì ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gbẹ jù, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo áàpù ìfowóránṣẹ́ kan tí ikọ̀ mẹ́ta ń tọ́jú: ikọ̀ ìsanwó, ikọ̀ áàpù fóònù, àti ikọ̀ tí ń ṣọ́ jìbìtì. Wọ́n fẹ́ kí oníbàárà lè fi fóònù ya àwòrán kóòdù QR lára àtẹ ọlọ́jà, kí ó sì sanwó lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ irú flag tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀

Pete Hodgson, ẹnjiníà sọ́fítíwíà kan, pín flag sí ọ̀nà mẹ́rin, ìpín náà sì wúlò nítorí pé iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò láyé yàtọ̀ síra. Èkíní ni flag ìtúsílẹ̀, tí a fi ń bo iṣẹ́ tí kò tíì parí tàbí tí a fẹ́ ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó yẹ kí ó lò. Èkejì ni flag ìwádìí, tí ń pín oníbàárà sí ọ̀wọ́ kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù nínú ọ̀nà méjì. Ó ń parí nígbà tí a bá ti rí ìdáhùn. Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tí ń ṣọ́ sáfà, tí wọ́n fi ń pa apá tí ń gba agbára púpọ̀ nígbà tí èrò bá ya lu áàpù. Èyí lè pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni flag àṣẹ, tí ń sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan, bí oníbàárà tí ó san owó àfikún.

Lójú tèmi, ẹ̀kẹrin yìí kò yẹ kí ó bá àwọn yòókù gbé inú ilé kan náà. Ohun tí oníbàárà fi owó rà jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò, inú àká dátà òwò ni ó sì yẹ kí ó wà. Bí ẹ bá fi í sáàárín flag ìtúsílẹ̀, ẹni tí ń gbálẹ̀ flag àtijọ́ lọ́jọ́ kan yóò gbá ẹ̀tọ́ oníbàárà mọ́ ọn. Ti QR wa jẹ́ flag ìtúsílẹ̀. Ẹ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kankan, nítorí pé irú yìí ni yóò sọ ẹni tí ó lè tàn án àti ìgbà tí yóò kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fún un ní orúkọ, olówó (ẹni tí ó ni í) àti ọjọ́ ikú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ flag gbọ́dọ̀ sọ ikọ̀ tí ó ni í àti ohun tí ó ń ṣe, kí ẹni tí ó jí ní agogo méjì òru tí áàpù ń ṣàìsàn lè mọ ohun tí ó ń wò láìpe ẹnikẹ́ni. Fún tiwa, «isanwo-qr-ontaja» tó: ikọ̀ ìsanwó ni, ọ̀rọ̀ QR ni, àwọn ọlọ́jà ni ó wà fún. Ẹ sá fún «tuntun» nínú orúkọ, torí tuntun kì í pẹ́ gbó. Mo ti bá flag mẹ́ta pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń jẹ́ tuntun, tuntun kejì àti tuntun ìkẹyìn, tí ìkẹyìn náà sì ti lé ní ọdún méjì. Ẹ sá fún orúkọ tí ó ní «má» nínú pẹ̀lú. Bí flag bá ń jẹ́ «má-fi-QR-hàn», tí ó sì wà ní pípa, ẹni tí oorun ń kùn kò ní mọ̀ bóyá QR ń hàn tàbí kò hàn.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbi tí gbogbo ikọ̀ ti lè rí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gba flag tí kò ní i:

orukọ: isanwo-qr-ontaja
iru: itusilẹ
olowo: ikọ isanwo
iṣẹ: fi bọtini QR han fun oníbàárà
bi ko ba si idahun: pipa
ọjọ ibi: 2026-02-02
ọjọ iku: 2026-04-30

Olówó gbọ́dọ̀ jẹ́ ikọ̀, kì í ṣe ènìyàn kan, nítorí pé ènìyàn ń gba iṣẹ́ lọ síbòmíràn, ikọ̀ kì í sì í lọ. Ọjọ́ ikú kò túmọ̀ sí pé flag yóò pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ náà, èyí tí yóò jẹ́ ìyà fún oníbàárà. Ó túmọ̀ sí pé ìkìlọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún sétí olówó rẹ̀.

Òfin kan ṣẹ́kù lórí orúkọ tí n kò gbà kí a tẹ̀: orúkọ tí flag kan ti jẹ́ rí, flag mìíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ mọ́ láéláé. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí le jù, ẹ jẹ́ kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Knight Capital, ilé iṣẹ́ tí ó ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọjà ìpín ìdókòwò New York ṣí ètò tuntun kan fún àwọn oníbàárà kéékèèké, Knight sì ti kọ kóòdù tí yóò fi kópa nínú rẹ̀. Kóòdù tuntun náà lo flag kan tí iṣẹ́ àtijọ́ kan ń lò nígbà kan rí. Power Peg ni iṣẹ́ àtijọ́ náà ń jẹ́. Láti 2003 ni wọn kò ti lò ó mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yọ kóòdù rẹ̀ kúrò. Ní 2005, wọ́n gbé apá tí ń ka iye ìpín tí a ti rà lọ síbòmíràn nínú kóòdù, wọn kò sì dán Power Peg wò lẹ́yìn ìyẹn, torí náà kò sí ohun tí yóò sọ fún un mọ́ pé ó ti tó.

Sáfà mẹ́jọ ni ó yẹ kí kóòdù tuntun dé. Méje ni ó dé. Kò sí ẹnì kejì tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò, kò sì sí ìlànà tí a kọ sílẹ̀ tí ó ní kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọjà ṣí, flag yìí túmọ̀ sí ètò tuntun lórí sáfà méje, ó sì túmọ̀ sí Power Peg lórí ẹ̀kẹjọ. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ìbéèrè kéékèèké 212 di ìdúnàádúrà tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin lórí ìpín ìdókòwò oríṣi 154, Knight sì pàdánù ju mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ. Èyí tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ìgbìyànjú láti tún un ṣe: wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà méje tí ó ti dé dáadáa, wọ́n sì fi flag sílẹ̀ ní títàn, ni gbogbo sáfà mẹ́jọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Power Peg. Ìmeèlì 97 ni ẹ̀rọ tiwọn fúnra wọn ti fi ránṣẹ́ nípa àṣìṣe náà kí ọjà tó ṣí, ṣùgbọ́n wọn kò ka irú ìmeèlì bẹ́ẹ̀ sí ìkìlọ̀. Ní 2013, SEC, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù níbì kan ṣoṣo

Ní èdè JavaScript, bí a bá lo OpenFeature, tí í ṣe ìlànà àjùmọ̀lò fún bíbéèrè ipò flag, tó wà lábẹ́ CNCF, àjọ tí ń bójú tó sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìbéèrè náà yóò rí báyìí:

const qrWa = await client.getBooleanValue("isanwo-qr-ontaja", false, context);

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú àkámọ́ náà. Èkíní ni orúkọ. Èkejì, «false», ni ìdáhùn tí kóòdù yóò fún ara rẹ̀ bí kò bá rí ẹni dá a lóhùn. Fún flag ìtúsílẹ̀, pípa ni ó yẹ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n fún flag tí ń ṣọ́ ààbò, bí àyẹ̀wò jìbìtì, ẹ fi í sí títàn, kí àìsí ìdáhùn má baà di ọ̀nà tí olè yóò gbà wọlé. Ẹ̀kẹta ni ohun tí a mọ̀ nípa ẹni tí ń béèrè: nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú áàpù, ẹ̀yà áàpù tí ó ń lò, ìlú tí ó wà. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà fóònù, BVN tàbí orúkọ oníbàárà síbẹ̀, pàápàá bí iṣẹ́ flag yín bá wà lórí sáfà ilé iṣẹ́ mìíràn; nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ fúnra yín ṣẹ̀dá tó fún pípín ènìyàn.

Ẹ béèrè ní ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì mú ìdáhùn náà lọ sí ibi tí ó bá yẹ. Bí orúkọ flag bá fọ́n káàkiri fáìlì ogún, yíyọ rẹ̀ yóò di iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń yẹ̀ fún.

Ní ti irinṣẹ́, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Fáìlì kan nínú ibi ìpamọ́ kóòdù tó fún ikọ̀ kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti àkóso àṣẹ tí ẹ lè gbé kalẹ̀ lórí sáfà tiyín, Unleash àti Flagsmith wà tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa tọ́jú rẹ̀ fún yín, LaunchDarkly wà. Àǹfààní OpenFeature ni pé kóòdù yín kò ní í mọ èyí tí ẹ yàn, torí náà ẹ lè ṣí kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn láìtún gbogbo rẹ̀ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya àyíká sọ́tọ̀, ẹ má ya orúkọ

Flag kan gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà ní gbogbo àyíká, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ní àyíká kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró. Ẹni tí ó bá dá «isanwo-qr-ontaja-idanwo» sílẹ̀ fún àyíká ìdánwò ti dá flag mìíràn sílẹ̀, kóòdù tí ó sì dán wò kọ́ ni oníbàárà yóò lò.

Kọ́kọ́rọ́ tí sáfà fi ń wọlé béèrè ipò flag gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láti àyíká dé àyíká. Bí kọ́kọ́rọ́ àyíká gidi bá bọ́ sínú fáìlì ètò àyíká ìdánwò, àwọn tí ń dán nǹkan wò yóò máa wo ipò tí kì í ṣe tiwọn, wọn yóò sì máa sọ pé flag kò gbọ́ràn. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, ohun tí ẹnì kan tàn fún ìdánwò yóò hàn sí oníbàárà. Ẹ tún ya kọ́kọ́rọ́ sáfà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń lọ sínú fóònù àti búráúsà. Ohunkóhun tí ó bá wọ inú fóònù oníbàárà, ẹ kà á sí ohun tí gbogbo ayé ti rí: orúkọ flag yín pàápàá lè tú àṣírí iṣẹ́ tí ẹ kò tíì kéde.

Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kọ kóòdù, ẹ lo fáìlì lásán tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè tan ohun tí ó bá wù ú láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní àyíká ìdánwò, ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Gbogbo ikọ̀ ni ó ń lò ó, olúkúlùkù ń tan tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń pa á, títí àyíká náà yóò fi di ibi tí flag 40 ti wà ní títàn tí àyíká gidi kò ní ju 12 lọ. Ìdánwò tí ó yege níbẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ètò kan máa da ipò àyíká gidi kọ sórí àyíká ìdánwò ní gbogbo òru, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ohun tí ó yàtọ̀ sì kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ má sì gbìyànjú láti dán gbogbo àpapọ̀ wò. Flag 10 tí ó lè tàn tàbí kú ní ọ̀nà 1,024 tí wọ́n lè gbà pàdé, flag 20 sì ní ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ dán méjì wò dájúdájú: ipò tí àyíká gidi wà lónìí, àti ipò yẹn kan náà pẹ̀lú flag tí ẹ fẹ́ tàn. Bí flag méjì bá kan iṣẹ́ kan náà, ẹ fi àpapọ̀ tiwọn kún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pín àṣẹ láàárín àwọn ikọ̀

Ní àyíká ìdánwò, ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ olówó yí flag padà bí ó bá ṣe fẹ́. Ní àyíká gidi, ẹni tí ó béèrè ìyípadà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Àwọn ẹnjiníà máa ń kùn pé èyí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ìyípadà flag ní àyíká gidi jẹ́ ìyípadà kóòdù ní àyíká gidi, àwọn kan náà tí kì í gbà kí ìlà kóòdù kan wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kejì kà á ni ó ń fẹ́ kí bọ́tìnì kan wà níta láìní ẹ̀ṣọ́. Ẹ yọ ohun kan sílẹ̀: pípa. Ẹnikẹ́ni tí ó wà lẹ́nu ìṣọ́ gbọ́dọ̀ lè pa flag ìtúsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìtọrọ àṣẹ, kí ó sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà. Gbogbo ìyípadà, ìbáà jẹ́ títàn tàbí pípa, gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, wákàtí àti ìdí, kí ó sì balẹ̀ sínú yàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí gbogbo ikọ̀ ń kà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó wà lẹ́nu ìṣọ́ ń bi ara rẹ̀ ni pé kí ni ó yí padà. Bí ìdáhùn bá wà lójú kan, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó jù ni flag tí ó kan ikọ̀ ju ẹyọ kan lọ. QR tiwa nílò bọ́tìnì lórí fóònù, ọ̀nà tuntun lórí sáfà ìsanwó, àti òfin tuntun lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ jìbìtì. Bí ikọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá béèrè flag kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lè wà láàárín ìgbà tí ìyípadà dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan àti ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ èkejì: fóònù yóò fi bọ́tìnì hàn, sáfà ìsanwó yóò ní òun kò mọ QR rí, oníbàárà yóò sì dúró síwájú ọlọ́jà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà, kí ìdáhùn náà sì bá ìbéèrè oníbàárà rìn láti sáfà dé sáfà títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Níbi tí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní flag tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ìtòtẹ̀léra wọn sínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí ń dáhùn ni ó ń kọ́kọ́ ṣí, ẹni tí ń béèrè ni ó ń ṣí kẹ́yìn: òfin jìbìtì, lẹ́yìn náà sáfà ìsanwó, lẹ́yìn náà fóònù. Bí a bá ń tì í, láti ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi flag kan sínú ikùn òmíràn ju ipele kan lọ, nítorí pé lẹ́yìn ipele kejì kò sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tí ó tàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín, lẹ́yìn náà ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà, 5, 25, 50, 100. Láti pín ènìyàn, ẹ̀rọ máa ń so orúkọ flag pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà, yóò lọ̀ ọ́ nípa ìṣirò hash, yóò sì sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 0 dé 99. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré sí ìdá tí ẹ fi sí i ni yóò rí iṣẹ́ tuntun. Nítorí pé orúkọ flag wà nínú ìṣirò náà, kì í ṣe àwọn ènìyàn kan náà ni yóò máa jìyà gbogbo ohun tuntun. Nítorí pé ìṣirò kì í yí padà, ẹni tí ó rí QR ní òwúrọ̀ yóò tún rí i ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ẹ tó ṣí ìdá kìn-ín-ní, ẹ kọ ohun tí ẹ ó máa wò sílẹ̀ àti ibi tí ẹ ó ti dá a dúró: iye ìsanwó tí kò lọ, àkókò tí ìdáhùn ń gbà, iye ìpè tí ń wọ ọ̀dọ̀ àwọn tí ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹ fi iye àwọn tí flag tàn fún wé ti àwọn tí kò tàn fún ní wákàtí kan náà. Fífi tòní wé tàná máa ń tan ènìyàn jẹ. Lórí áàpù owó ní Nàìjíríà, n kì í fọwọ́ sí títan ohunkóhun ní ìparí oṣù tí owó oṣù ń wọlé, n kì í sì í ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fóònù tí kò ní dátà kò ní í gbọ́ pé ẹ ti pa flag. Ìdí nìyí tí sáfà fi gbọ́dọ̀ ní ẹnu tirẹ̀ láti kọ ìbéèrè QR, kí ó má gbára lé bọ́tìnì tí ó yẹ kí ó ti pòórá lójú oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ibi ìbéèrè kò ní dáhùn

Sáfà flag yóò ṣàìsí lọ́jọ́ kan. Sáfà yín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ipò ìkẹyìn tí ó gbọ́ sínú ìrántí rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì, kí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tan lè rí nǹkan kà. Ìgbà tí kò bá sí ìrántí, tí kò sí fáìlì, ni ó tó kan «false» tí a kọ sínú kóòdù. Ẹ máa pa sáfà flag ní àyíká ìdánwò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ rò ni yóò ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2025, Google Cloud dákú ní ibi púpọ̀ láyé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n ti fi kóòdù tuntun sínú Service Control, ẹ̀rọ tí ń yẹ ìbéèrè wò kí ó tó kọjá. Kóòdù náà kò ní ohun tí yóò ṣe bí àyè kan bá ṣófo, kò sì sí lábẹ́ flag. Nígbà tí ìlànà tí ó ní àyè òfìfo wọlé, tí ó sì tàn dé gbogbo agbègbè láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú káàkiri. Ohun tí ó gbà wọ́n ni bọ́tìnì pàjáwìrì tí wọ́n ti ṣe mọ́ ọn láti pa ọ̀nà yẹn. Láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé bí ó bá wà lábẹ́ flag ni, àyíká ìdánwò ni wọn ì bá ti rí àṣìṣe náà. Ẹ kíyè sí i pé ìlànà kan náà dé gbogbo agbègbè lẹ́ẹ̀kan: ìyípadà flag náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà bí ẹ bá ní agbègbè ju ọ̀kan lọ, ẹ tan flag ní agbègbè kan, ẹ dúró, kí ẹ tó tan òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yọ ọ́ kúrò

Flag ìtúsílẹ̀ tí ó ti tàn fún gbogbo ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ ju pé kí ó fi ọ̀nà àtijọ́ pamọ́ sínú kóòdù, gẹ́gẹ́ bí ti Power Peg. Ẹ kọ iṣẹ́ yíyọ rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ ikọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ dá a sílẹ̀ gan-an. Ẹ fi òpin sí iye flag tí ikọ̀ kan lè ní. Bí òpin bá jẹ́ 15, ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀kẹrìndínlógún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sin ọ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ ikú bá kọjá, ìdánwò tí ń yẹ kóòdù wò kí ó tó wọlé yẹ kí ó kìlọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Uber ní irinṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Piranha, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2020, tí ń wá flag àtijọ́ nínú kóòdù tí ó sì ń gé ẹ̀ka tí ó ti kú kúrò. Ó wúlò fún ẹni tí flag rẹ̀ ti di igbó.

Ìtòtẹ̀léra yíyọ ṣe pàtàkì. Ẹ rí i dájú pé flag wà ní ipò kan náà ní gbogbo àyíká. Ẹ yọ ìbéèrè náà àti ẹ̀ka àtijọ́ kúrò nínú kóòdù, kí ẹ sì gbé kóòdù náà lọ sórí gbogbo sáfà, kí ẹnì kejì sì kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé gbogbo wọn ni ó dé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń béèrè flag náà. Fún sáfà, ìbéèrè yóò dákẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Fún áàpù fóònù, ó lè tó oṣù mélòó kan, nítorí pé oníbàárà tí ó ń ṣọ́ dátà kì í sáré gba ẹ̀yà tuntun. Ẹ fi flag náà sílẹ̀ ní títàn fún wọn títí ẹ̀yà àtijọ́ tí ẹ kò gbà láàyè mọ́ yóò fi kúrò nílẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń béèrè mọ́, ẹ ti flag náà pa ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ̀rọ lè kọ̀ fún ẹni tí ó bá tún fẹ́ sọ flag mìíràn ní «isanwo-qr-ontaja».